Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Oògùn Àwọn Àgbà Nílé, àti Bí A Ṣe Ń Yẹ Ọ̀rọ̀ Ìlera Orí Fóònù Wò

Ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ìyàrà, láti Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé àwọn òbí tó ti lé ní 70 ọdún nìkan ló kù síbẹ̀, tí àwọn ọmọ sì wà ní Àbújá, ní Èkó tàbí ní òkè òkun. Ọmọ tó wà ní Àbújá ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rán awakọ̀, èyí tó wà ní Èkó ń ra oògùn oríkèé wálé nígbà Kérésì, dókítà kọ tirẹ̀ sínú káàdì, oníkẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ọjà fi méjì kún un, ẹnì kan láti ìjọ sì gbé ìgò àgbo wá. Fóònù wá di ẹni kẹfà. Kò sí èyí tó ní ibi lọ́kàn nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ ohun tí àwọn yòókù ti fi sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí gbogbo ohun tí àgbàlagbà ń gbé mì yóò ṣe wà lójú ẹnì kan, kí ẹni náà lè mọ ohun tí yóò bi ọ̀rọ̀ ìlera tí fóònù bá gbé wá.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde

Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ lọ́sàn-án, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì bẹ bàbá tàbí màmá pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jọ wo oògùn wọn. Mo ní kí ẹ bẹ̀ wọ́n, nítorí pé àgbà kì í fẹ́ kí ọmọ máa tú ẹrù òun bí ẹni ń wá ohun tí wọ́n jí. Bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ àpótí wọn láìgbàṣẹ, èyí tí ẹ nílò jù láti rí gan-an ni wọn yóò fi pamọ́. Gbogbo rẹ̀ ni kí ó jáde: hóró inú páálí, hóró inú ọ̀rá funfun tí wọ́n fi báírò kọ nǹkan sí lára, oògùn ojú, ìpara, oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò, àgbo, Alábùkún inú àpamọ́wọ́, àti hóró tí wọ́n dì sí etí ìró nítorí ọ̀nà oko. Ẹ wo abẹ́ ìrọ̀rí, ẹ wo orí fìríìjì, ẹ má sì gbàgbé àpò tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìsìn.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ máa ka ara páálí. Orúkọ méjì ló máa ń wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà ni orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún ọjà rẹ̀. Èyí tó kéré tó wà nísàlẹ̀, tí nọ́ńbà bíi 5 mg tàbí 10 mg ń tẹ̀ lé, ni oògùn náà fúnra rẹ̀. Èyí tó kéré yìí ni kí ẹ máa kà. Páálí kan lè jẹ́ Norvasc, kí èkejì ní àwọ̀ mìíràn àti orúkọ mìíràn, kí ó sì jẹ́ pé amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Ìyá tó ń lo ọ̀kan láti ọsibítù tó sì ń lo èkejì tí ọmọ fi ránṣẹ́ ń lo ìlọ́po méjì láìmọ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, òòyì yóò sì kọ́ ọ nígbà tó bá dìde lóru láti tọ̀. Bákan náà ni parasitámọ́ọ̀lù ṣe máa ń fara pamọ́ sínú oògùn ọ̀fìnkìn àti oògùn ara ríro oríṣiríṣi. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lo ju hóró 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 mg lọ láàárín wákàtí 24, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti rù, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá ṣáṣá, kò gbọ́dọ̀ dé iye yẹn rárá. Kí ó bi dókítà ní iye tó tọ́ sí i.

Hóró tí kò ní páálí, tí kò ní orúkọ, tí a kàn mọ̀ sí «èyí funfun roboto yẹn», kò yẹ kó padà sínú àpótí. Oògùn funfun roboto pọ̀ láyé ju ohun tí ojú lè dá mọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá: ẹ gbé e lọ fún famasísì tó bá máa gbà á, tàbí kí ẹ pò ó mọ́ eérú tàbí iyẹ̀pẹ̀ nínú ọ̀rá kí ẹ tó jù ú nù, kí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́.

Ìwé kan ṣoṣo

Ẹ ra ìwé kékeré kan tó ní ẹ̀yìn líle. Lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ oògùn gan-an, agbára rẹ̀ ní mg, ìgbà tí wọ́n ń lò ó, àìsàn tí wọ́n ń lò ó fún, àti ẹni tó ní kí wọ́n lò ó. Ìlà kẹrin yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá bi màmá léèrè ohun tí hóró kan wà fún, tí màmá kò mọ̀, tí káàdì ọsibítù kò sì sọ ọ́, ẹ ti rí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó gbé lọ bá dókítà. Ẹ kọ àgbo náà sínú ìwé, ẹ kọ zobo bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mu ún, ẹ kọ oògùn tó bá wọn lára jà nígbà kan rí. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé náà sórí fóònù ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó wà ní Àbújá tó ra ohunkóhun.

Ní ti lẹ́tà tí àwọn ọsibítù máa ń kọ: OD jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, BD jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, TDS jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, «nocte» sì jẹ́ alẹ́. Nígbà tí wọ́n bá kọ 2 × 3 sára ọ̀rá, hóró méjì ni, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Mo ti rí ẹni tó pín in sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì, hóró mẹ́fà náà ló gbé mì, ṣùgbọ́n ó pọ̀jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀, tí wọ́n máa ń fi kún ti ẹ̀jẹ̀ ríru, òwúrọ̀ ló dára jù fún un, kí ó má baà máa lé àgbà dìde ní òru nínú òkùnkùn. Hóró tí wọ́n kọ «Retard» tàbí SR sí lára, bíi nifedipine kan báyìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ tàbí rún un lẹ́nu, nítorí pé wọ́n ṣe é kí ó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá rún un, agbára gbogbo ọjọ́ yóò wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé náà ni kí ó máa bá wọn lọ síbi gbogbo tí wọ́n bá ti fẹ́ gba oògùn: ọsibítù, kẹ́míìsì, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá fẹ́ wò ó kí ó tó fún wọn ní nǹkan, ẹ má gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn oògùn tí ara àgbà kì í gbà dáadáa mọ́

Kíndìnrín ẹni 75 ọdún kì í tètè lé oògùn jáde bíi ti ẹni 40. Nítorí èyí, iye tó bá ara mu tẹ́lẹ̀ lè wá di àpọ̀jù láìjẹ́ pé ẹnì kan yí i padà. Ní ọdún 1991, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Mark Beers, ṣáájú àwọn tó kọ́kọ́ to orúkọ oògùn tó yẹ kí a ṣọ́ra fún lára àwọn àgbà jọ. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú àgbà níbẹ̀ ṣì ń tún un ṣe, wọ́n sì gbé àtúnṣe kan jáde ní 2023. Díẹ̀ nínú èyí tó wà níbẹ̀ ni a ń rí ní kẹ́míìsì gbogbo níhìn-ín: diazepam tí a mọ̀ sí Valium, tó ń mú kí wọ́n ṣubú, chlorpheniramine, ìyẹn Piriton, tó ń da ọkàn wọn rú tí kì í jẹ́ kí ìtọ̀ wá, àti glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, tó lè fa ṣúgà ara wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ti èyí tó kẹ́yìn yìí, àgbà tó bá ń lò ó kò gbọ́dọ̀ wọ inú ààwẹ̀, yálà ti ìjọ tàbí ti Rámádánì, láìkọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, nítorí pé oògùn náà yóò máa ṣiṣẹ́ bí oúnjẹ kò bá tilẹ̀ wọlé.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó wà lórí ẹní, oògùn ìrora ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tó fi ọdún pípẹ́ kọ ebè iṣu, orúnkún àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ṣàìdùn ún. Diclofenac, ibuprofen àti piroxicam máa ń pa ìrora náà lóòótọ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń di ohun tí a ń gbé mì bí ẹni jẹ obì. Wọ́n ń dá ọgbẹ́ sí inú, ó sì lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láìdunni títí ìgbẹ́ yóò fi dúdú bí ọ̀dà. Wọ́n ń dá omi àti iyọ̀ dúró sára, wọ́n ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, tó fi jẹ́ pé dókítà ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kún ti tẹ́lẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé oògùn orúnkún ló ń bá a jà. Èyí tó burú jù ni kí ẹni tó ń lo lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, pọ̀ mọ́ oògùn tó ń mú ni tọ̀ tún fi diclofenac lé e: àwọn mẹ́ta yìí pa pọ̀ lè dá kíndìnrín dúró, pàápàá ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tí àgbà kì í mu omi tó.

Alábùkún, oògùn lúbúlúbú tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní ìgbà àwọn òyìnbó, aspirin àti kafíìnì ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa ń dárúkọ rẹ̀ nígbà tí dókítà bá bèèrè oògùn tí wọ́n ń lò, nítorí pé lójú wọn kì í ṣe oògùn, ohun ilé ni. Bí dókítà bá wá kọ aspirin kékeré ti 75 mg nítorí ọkàn, aspirin ti di méjì nínú ikùn kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ sì ṣọ́ra gan-an fún oògùn àpòpọ̀, ìyẹn hóró mẹ́rin tàbí márùn-ún aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré lọ́jọ́ ọjà, tí wọ́n ń pè ní ti làkúrègbé. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi sínú rẹ̀ ni dexamethasone tàbí prednisolone, àwọn oògùn alágbára tó jọ èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe. Màmá tí kò lè dìde lánàá yóò dìde lọ́la, yóò jẹun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò yọ, gbogbo ilé yóò sì ní ara rẹ̀ ti le. Lábẹ́ rẹ̀, ṣúgà ń lọ sókè, ẹ̀jẹ̀ ń ru, eegun ń fẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó, ẹ má dá a dúró lójijì, nítorí pé ara ti lè fi èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe sílẹ̀. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Fún ìrora ojoojúmọ́, parasitámọ́ọ̀lù ní iye tó yẹ, aṣọ gbígbóná lórí orúnkún, àti ìrìn díẹ̀ lójúmọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ kì í tètè fura sí, ìyẹn ni kí oògùn kan máa bí òmíràn. Amlodipine lè mú kí kókósẹ̀ wú; ẹnì kan yóò rí i, yóò sì fi oògùn tó ń mú ni tọ̀ kún un. Lisinopril lè fa ikọ́ gbẹ tí kì í lọ. Wọn yóò ra omi ikọ́, ikọ́ kò ní lọ, wọn yóò ra èyí tó lágbára jù ú lọ, tí yóò máa kùn wọ́n lóorun. Nígbàkígbà tí àgbà bá bẹ̀rẹ̀ ìnira tuntun, ẹ wo ìwé náà kí ẹ mọ oògùn tó wọlé láìpẹ́, kí ẹ sì bi dókítà bóyá òun ló fà á. Yíyí i padà sí irú mìíràn ni ó sábà máa ń jẹ́ ojútùú, kì í ṣe àfikún.

Níbi tí a ti ń rà á

Àjọ ìlera àgbáyé sọ ní 2017 pé nínú oògùn 10 ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, bí ẹyọ kan jẹ́ ayédèrú tàbí aláìpójú-ìwọ̀n. Nítorí náà, ẹ yan ilé oògùn kan tí famasísì wà, kí ẹ sì máa rà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí ó lè mọ ohun tí màmá ń lò. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí. Lára páálí àwọn oògùn kan, ibì kan wà tí a máa ń fi ẹyọ owó ha: ẹ fi nọ́ńbà tó bá hàn níbẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kúkúrú tí wọ́n kọ sára páálí náà, bíi 38353, èsì yóò sì wá sórí fóònù yín bóyá ojúlówó ni. Láti 2010 ni NAFDAC ti gbé ètò yìí kalẹ̀, síbẹ̀ páálí tí wọ́n ti lò tán tí kò sẹ́ni tó ha á pọ̀ lọ jàra.

Nígbà tí owó kò bá tó fún páálí odidi, oníkẹ́míìsì máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé hóró mẹ́rin kúrò lára ìwé dídán náà. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó gbà á: ọjọ́ tí yóò parí sábà máa ń wà ní etí kan ṣoṣo, ẹni tí wọ́n bá sì gé etí kejì fún kò ní mọ̀ ọ́n láéláé. Ẹ ní kí ó fi etí tó ní ọjọ́ hàn yín, kí ẹ kọ ọ́ sára ọ̀rá. Oògùn tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ Lọ́kọ́ja sí Kàbà, tó ń wo ibà, jẹ̀dí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ojú lẹ́ẹ̀kan náà, kò yẹ kí ó gba àlàyé púpọ̀.

Nílé, òkè fìríìjì tó ń gbóná àti ojú fèrèsé kì í ṣe ibi tí oògùn ń gbé. Inú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀ ni. Insulin tí wọn kò tíì ṣí yẹ kí ó wà nínú fìríìjì, kì í ṣe nínú fìrísà, nítorí pé èyí tó bá ti dì ti bàjẹ́. Níbi tí iná kì í gbé dúró, ìkòkò amọ̀ kékeré kan nínú ńlá, kí iyanrìn tútù kún àárín wọn, a máa mú kí èyí tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ tutù ju inú yàrá lọ.

Nígbà tí fóònù bá di dókítà

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Nàìjíríà, iṣẹ́ kan tàn ká orí fóònù pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ènìyàn kú nítorí rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì dé ọsibítù. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, tí ààrẹ Amẹ́ríkà yin chloroquine fún Kòrónà, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé àwọn tó lò ó jù wá sí ọsibítù ní Èkó. Iyọ̀ kì í ṣe májèlé nínú ọbẹ̀, a sì ti fi chloroquine wo ibà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iye tí wọ́n lò àti ìdí tí wọ́n fi lò ó ló pa wọ́n lára.

Èyí tó ń dé báyìí jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. A ń rí fọ́nrán lórí Facebook tí gbajúmọ̀ oníròyìn tàbí dókítà ti ń polówó ìwòsàn ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣẹ̀dá ohùn rẹ̀ tí wọ́n sì mú ẹnu rẹ̀ bá a mu. Àgbà tó ti ń rí ojú náà lórí tẹlifíṣọ̀n láti ọdún pípẹ́ wá kò ní ìdí láti ṣiyèméjì. Àmọ́ ẹ̀tàn nìkan kọ́ ló ń fà wọ́n. Dókítà ní kí wọ́n máa lo hóró kan títí ayé, fún àìsàn tí kì í dùn wọ́n, ní iye owó tó ń gun òkè lóṣooṣù. Fọ́nrán ní ọjọ́ 7 péré ni, ó parí. Bí mo bá wà ní ipò wọn, èmi náà yóò fẹ́ gbọ́ ti ọjọ́ 7.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí bóyá ewé tí wọ́n dárúkọ dára tàbí kò dára, ìjà yẹn kì í tán. Ìbéèrè tí ẹ ó kọ́kọ́ bi ọ̀rọ̀ náà ni: kí ni ó ní kí bàbá dáwọ́ rẹ̀ dúró? Èkejì: kí ni ó fẹ́ kí ó wọ inú ìwé tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Bí ó bá ní kí wọ́n jù oògùn dókítà nù, ó ti ṣubú, ẹ kò nílò láti mọ orúkọ ewé náà. Bí ó bá sì fẹ́ kí ohun tuntun wọlé, ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tí gbogbo oògùn mìíràn gbà wọlé: kí ẹni tó mọ ìyókù rí i kí wọ́n tó lò ó.

Ẹ̀rí tó ń tàn ènìyàn jù lọ ni ti ẹni tó sọ pé òun jù oògùn òun nù, òun mu omi ewé, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ òun, ó sì dára. Ó lè má purọ́. Amlodipine kì í tètè kúrò nínú ara. Fún ọjọ́ bí i mélòó kan lẹ́yìn hóró ìkẹyìn, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n ọjọ́ kẹta tí wọ́n ń gbé fún ewé, ti hóró tí wọ́n jù nù ni. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yóò fi tún gun òkè, wọ́n ti fi fọ́nrán náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn kò tilẹ̀ fún ni ní àyè yẹn: ẹni tó bá dá atenolol tàbí propranolol dúró lójijì, ọkàn rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àyà sì lè máa dùn ún.

Ẹ tún wo ara ìgò. Nọ́ńbà NAFDAC lára àgbo inú ìgò kò túmọ̀ sí pé NAFDAC ti rí i pé ó ń wo àìsàn. Ti ọ̀pọ̀ wọn máa ń parí pẹ̀lú lẹ́tà L, ó sì máa ń ní gbólóhùn kékeré kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò. Wọ́n kàn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ti wádìí fọ́nrán kan, àwọn àjọ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò bíi Dubawa àti Africa Check ní ojú òpó tí ẹ ti lè wá a.

Bí a ṣe máa bá àgbà sọ ọ́ ṣòro ju ìwádìí náà lọ. Láàárín àwa ọmọ Òkun, ìyẹn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Kogí, ọmọ kì í sọ fún bàbá lójú gbogbo ẹgbẹ́ ìdílé pé irọ́ ni ohun tó fi ránṣẹ́. Bí ó bá sọ ọ́, bàbá yóò kàn máa lo ohun náà ní ìkọ̀kọ̀ ni. Ẹ pè é lórí fóònù. Ó lè lọ báyìí:

«Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo rí fọ́nrán tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ṣé tí ẹ rántí wa.»

«Àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè ni, ọmọ mi. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ló ń ba kíndìnrín jẹ́.»

«Ṣé ó ní kí ẹ dá tiyín dúró, sà?»

«Ó ní ká jù ú nù kí a tó bẹ̀rẹ̀.»

«Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jù ú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ máa rí dókítà, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a bi í. Ẹ bá mi lo ti àárọ̀ ọ̀la, kí ẹ sì wọn ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ sọ iye rẹ̀ fún mi.»

Ọmọ náà kò jiyàn. Ó bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ dá dúró, ó fi dókítà sí àárín, ó sì ra àkókò. Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá dé, dókítà yóò ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú gan-an ló ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ hàn wọ́n bí ti bàbá ṣe rí.

Ewé, àgbo àti ẹ̀rọ ìwọ̀n

Ẹni tó bá ní kí àgbà fi ewé sílẹ̀ pátápátá kò mọ ilé wa. Ewúro inú ọbẹ̀ kò ní wàhálà. Ohun tó ní wàhálà ni omi ewúro ife ńlá lójoojúmọ́ lórí Daonil, tí àwọn méjèèjì yóò jọ máa fa ṣúgà wálẹ̀. Zobo púpọ̀ lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé òun náà lè fà á wálẹ̀. Aáyù púpọ̀ lára ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní tètè dá. Àgbo tí wọ́n fi ogógóró rẹ kò gbọ́dọ̀ bá oògùn oorun pàdé rárá. Ẹ sọ fún dókítà. Bí ó bá bínú, ẹ jẹ́ kí ó bínú, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀.

Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ apá, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́. Kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà ní ìwọ̀n àyà, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. «Ara mi yá» kì í ṣe ìwọ̀n: ẹ̀jẹ̀ lè ru gan-an láìjẹ́ pé orí fọ́ ni. Ojú ewé tó kún fún nọ́ńbà yìí ni yóò sọ fún yín bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́, yóò sì tún sọ òótọ́ nípa fọ́nrán èyíkéyìí.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la

Bí ẹnu bá ṣe wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, tí apá kan kò bá ṣe é gbé, tí ọ̀rọ̀ kò bá já geere, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ẹ sì kọ aago tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, èébì tó ní ẹ̀jẹ̀, àyà dídùn, ojú àti ètè tó wú lẹ́yìn oògùn, àti ìtọ̀ tó dá dúró, bákan náà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń làágùn, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí, ẹ fún un ní kúùbù ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà bí ó bá ṣì lè gbé e mì, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá mọra mọ́, ẹ má rọ nǹkan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹ kó ìwé náà dání, ẹ kó gbogbo páálí sínú àpò kan pẹ̀lú ìgò àgbo. Ẹni tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ súnmọ́ ọsibítù ECWA, ọ̀pọ̀ abúlé sì jìnnà sí Lọ́kọ́ja àti Ìlọrin púpọ̀, nítorí náà kí ẹ ti kọ nọ́ńbà awakọ̀ méjì tó máa ń dìde lóru sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, kí ẹ sì fi hàn aládùúgbò tó súnmọ́ wọn jù.